Ẹyin Tó Rì Nínú Omi Òkun

Ọjọ́rú, 4 Júùnù

Mo ti fi ẹnu mi kó bá ara mi lónìí. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà sọ lọ́la pé èmi kọ́ ni mo sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ lọ tán, Màmá Jayéọlá, ọ̀gá ilé-ìwé wa, ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ṣí ìwé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní mi, wọ́n fi bírò tẹ orúkọ Sẹnami. Wọ́n ní ọmọ náà yóò tún kíláàsì kìíní kà, torí láti ìgbà tó ti wọlé lọ́dún tó kọjá, kò tíì fi ẹnu dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo ní, "Mà, ọmọ yẹn gbọ́n. Ẹ wo ojú ẹ̀." Wọ́n ní a kì í fi ojú ṣe ìdánwò.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́. Mo bá ní kí wọ́n fún mi di ọjọ́ ìparí táàmù, pé Sẹnami yóò dúró níwájú gbogbo òbí, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun kan tó kọ́ lọ́dọ̀ mi. Lédè Gẹ̀ẹ́sì! Ta ló bèèrè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ mi? Màmá pa ìwé orúkọ náà dé. "Gbólóhùn kan péré, Adùnọlá. Bó bá sọ ọ́, ó gòkè. Bí kò bá sọ ọ́, o ò gbọ́dọ̀ bá mi jiyàn mọ́."

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Júláì ni. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù, fún ọmọ tí mi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀ rí. Èmi ọmọ Èkìtì yìí, ẹnu mi ni yóò pa mí.

Àbámẹ́ta, 7 Júùnù

Mo ti ro ó títí. Ká máa da ọ̀rọ̀ ojú pátákó kọ sínú ìwé ò lè la ẹnu ọmọ kankan. Ohun ìyanu ló lè là á. Mo ti kó káún, ọsàn wẹ́wẹ́, sóbò gbígbẹ àti ike omi mẹ́rin kúrò ní kíṣìnì. Gbádéyan ọkọ mi bèèrè ohun tí a ó wá fi se ọbẹ̀. Mo ní kó fi sùúrù sè é.

Ọjọ́rú, 11 Júùnù

Òjò láti àárọ̀, omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, àmọ́ a ṣe é. Mo rẹ sóbò sínú omi gbígbóná, mo pín in sí ife mẹ́ta. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, ó pọ́n yòò. Mo bu omi káún sí èkejì, ló bá di aláwọ̀ ewé lójú gbogbo wa. Bólúwají figbe ta: "Àǹtí, ẹ ti pa á!" Túnmiṣe, ẹni tí kì í ronú kọjá oúnjẹ, bèèrè bóyá a lè mu ún.

Sẹnami ò sọ nǹkan kan. Ó mú káún, ó lá a, ó fún ojú pọ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ife kẹta sọ́dọ̀, ó ń kán omi káún sí i díẹ̀díẹ̀, bó bá kán an tán á dúró wò ó, títí ó fi rí àwọ̀ kan láàárín pupa àti ewé tí èmi gan-an ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje! Kí ẹnì kan wá sọ fún mi pé kò gbọ́n.

Aṣọ ilé-ìwé mẹ́sàn-án ló pọ́n. Mo ti bẹ ìyá mẹ́rin, ó ku márùn-ún.

Ìṣẹ́gun, 17 Júùnù

Káún lílọ̀ nínú bàlúùnù, omi ọsàn wẹ́wẹ́ nínú ike. A fi ẹnu bàlúùnù bo ọrùn ike, a gbé e nàró kí káún lè dà sílẹ̀. Ó hó ṣùùù, bàlúùnù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú fúnra ẹ̀. Ariwo àwọn ọmọ ló pe Màmá Jayéọlá. Bí wọ́n ṣe ń wọlé ni bàlúùnù já, ó ń fò kiri yàrá bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó sì lọ bà lé gèlè wọn.

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Sẹnami ni! Ẹ̀rín ńlá, bíi ti ìyá arúgbó. Màmá fi bàlúùnù lé mi lọ́wọ́, wọ́n jáde. Wọn ì bá nà mí pàápàá, mi ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ohùn wà lọ́rùn ọmọ náà!

Àbámẹ́ta, 21 Júùnù

Mo sọdá ọ̀sà sí Topo, abúlé etí òkun tí Sẹnami ti ń wá sílé-ìwé, lọ gbé omi òkun. Ìwé tí mo kà sọ pé ẹyin máa ń rì nínú omi lásán, àmọ́ á léfòó nínú omi oníyọ̀. Mo ní kí ló dé tí n ó fi máa fi iyọ̀ ṣòfò nígbà tí òkun wà lẹ́yìnkùlé wa? Owó ọkọ̀ ti lọ sókè sí i, ọlọ́kọ̀ ní epo ló fà á. Ọ̀sà ń ru díẹ̀. Mo di ìgbátí ọkọ̀ mú gírígírí, àwọn ọmọdé inú ọkọ̀ sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ní èbúté, mo bá Ìyá Zinsu, ìyá ìyá Sẹnami tó ń tọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Sẹnami jókòó tì wọ́n. Ẹnu ẹ̀ ò dúró! Ègùn ló ń sọ, ó ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wẹrẹwẹrẹ, ó ń fi ọwọ́ júwe bàlúùnù, ó tún dìde fò bíi tiẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó panu dé.

Mo sọ fún Ìyá Zinsu pé ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé. Wọ́n fi ẹja sílẹ̀. "Ta ni? Èyí? Tíṣà, ẹ máa mú un lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí etí mi lè sinmi!" Wọ́n ní ojoojúmọ́ ló ń gbé gbogbo kíláàsì mi wá sílé: ohun tí Bólúwají sọ, ohun tí Túnmiṣe jẹ, bí Àǹtí ṣe ń rìn. Wọ́n ní kó rìn ín kí n rí i. Ó kọ̀, ó sá lọ sẹ́yìn ilé.

Mo gba abẹ́ àgbọn lọ sí etí òkun, mo pọn kẹ́ẹ̀gì kan kún. Inú mi dùn, inú mi tún bàjẹ́. Ẹnu ń bẹ, èmi ni mi ò tíì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ajé, 23 Júùnù

Ojú tì mí lónìí, kí n má purọ́. Mo kó àwọn ọmọ jọ, mo ń ṣàlàyé bí ọ̀jọ̀gbọ́n, pé òkun níyọ̀, iyọ̀ a sì máa gbé ẹyin sókè. Mo fi ẹyin kan sínú omi ẹ̀rọ, ó rì. Mo ní kí wọ́n máa wò mí, mo fi òmíràn sínú omi òkun. Ó rì, kì! Túnmiṣe ní, "Àǹtí, ẹyin yín ò mọ̀wẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi yí sílẹ̀. Mo tún fi òmíràn sí i, ó rì. Èyí tó kẹ́yìn léfòó, mo fò sókè, mo gbé e sínú omi ẹ̀rọ kí wọ́n lè rí ìyàtọ̀. Ó tún léfòó níbẹ̀! Ó ti bàjẹ́ ni. Bólúwají ní òun á bá mi gbé e dànù, ó já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo wa sá jáde sínú òjò.

Sẹnami nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wò mí ṣáá.

Ẹyin kan ti di igba ó lé ogún náírà. Mo fi mẹ́rin ra yẹ̀yẹ́.

Ẹtì, 27 Júùnù

Ìyá Zinsu sọdá wá fúnra wọn. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi ní, "Tíṣà, mo gbọ́ pé ẹyin yín rì." Mo wo Sẹnami, Sẹnami ń wo òrùlé.

Wọ́n ní òkun lásán ò tó, pé ọmọ Topo kankan ò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyá wọn, iyọ̀ ló ń sè létí òkun kí iyọ̀ inú ọ̀rá tó gba ọjà. Wọ́n á kó yanrìn oníyọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á da omi lé e lórí, omi á máa ro sínú ìkòkò. Kí wọ́n tó gbé e ka iná, wọ́n á ju ekùrọ́ kan sí i. Bí ekùrọ́ bá rì, iyọ̀ inú ẹ̀ ò tíì tó, ẹni tó bá dáná sí i fi igi ṣòfò ni. Bó bá léfòó, ó tó.

"Ẹ̀yin ò ní apẹ̀rẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ sáà máa sè é kó dín. Ekùrọ́ á sọ fún yín." Wọ́n tú eteetí ìró wọn, wọ́n kó ekùrọ́ méje lé mi lọ́wọ́. Mo gba dìgírì, mo gba ìwé-ẹ̀rí tíṣà, èmi ará òkè sì rò pé iyọ̀ òkun ti tó tán. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn bí ọkùnrin. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo gbọ́ lẹ́nu Sẹnami lọ́jọ́sí gan-an ni.

Ọjọ́rú, 2 Júláì

Mo gbé sítóòfù lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀: ẹni tó bá kọjá ìlà, kò sí nínú ẹ̀ mọ́. Omi òkun hó, ó hó, ó ń dín. Mo fi Sẹnami ṣe olórí ekùrọ́. Bí mo bá bu omi díẹ̀ sínú abọ́ tó sì tutù, òun ni yóò ju ekùrọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan, ó rì, ó mi orí. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó mi orí. Túnmiṣe ti ní ebi ń pa òun. Ní ìgbà kẹrin, ekùrọ́ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó ronú, ó sì gòkè wá. Sẹnami na ìka sókè.

Mo gbé ẹyin sínú ẹ̀. Ó léfòó, orí ẹ̀ yọ síta! Bólúwají kí i káàbọ̀. Gbogbo wọn tò, wọ́n ń kí ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Sẹnami ṣì ń fi orí àti ìka sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

Ọjọ́bọ̀, 10 Júláì

Mo ti kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà sílẹ̀ fún un: ẹyin máa ń léfòó nínú omi oníyọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré. Ètè ẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde. Mo fi búrẹ́dì àgbọn tàn án. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, kò sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jágbe mọ́ ọn, Ọlọ́run ló kó mi yọ. Màmá Jayéọlá ń kọjá lójú fèrèsé, wọ́n fi ìka méjì hàn mí. Ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo ro ẹjọ́ fún Gbádéyan nílé. Ó ní, "Adùn, ọ̀rọ̀ tìẹ lò ń fi há a lẹ́nu. Ṣé òun náà ò ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ni?" Inú bí mi, torí òótọ́ ni. Mo fún un ní ẹja tó kéré jù.

Ẹtì, 18 Júláì

Ó sọ ọ́! Lábẹ́ tábìlì, sétí Túnmiṣe. Túnmiṣe ló wá fẹjọ́ sùn mí pé Sẹnami ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí òun létí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ fún mi. Ó mi orí.

Ọjọ́rú, 23 Júláì

Mo fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí n tó sùn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti gbé omi òkun kaná nílé. Nígbà tó ku díẹ̀ kí n lọ to àga, mo ní kí Gbádéyan bá mi mójú tó ìkòkò náà, kó gbé e tẹ̀lé mi tó bá dín dé àárín. Ó dé lásìkò, ó wọ agbádá, ó gbé ìkòkò bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ti jẹ́ kó tutù pàápàá. Mo súre fún un níwájú èèyàn.

Àwọn òbí kún gbọ̀ngàn. Ìyá Zinsu jókòó níwájú, wọ́n wé gèlè aláwọ̀ omi. Bólúwají ṣe sóbò, wọ́n pàtẹ́wọ́. Túnmiṣe fẹ́ bàlúùnù, wọ́n pariwo. Ó wá kan Sẹnami. Mo da omi sínú abọ́ tí ojú ń là já, mo di ẹyin mú, mo rọra ní, "Ó yá, sọ ọ́." Màmá Jayéọlá ti wọ díńgí ojú wọn.

Kò sọ ọ́. Ó yọ ekùrọ́ kan láti inú àpò, ó jù ú sínú omi. Ekùrọ́ rì.

Mo rò pé ẹ̀rù ló bà á. Mo ní, "Má wulẹ̀ dààmú nípa ìyẹn, sọ ọ̀rọ̀ ẹ." Mo na ọwọ́ kí n gbé ẹyin sí i. Ọmọ náà ti ọwọ́ mi sẹ́yìn.

"Rárá," ló wí.

Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́.

"Kò tíì tó. Wọ́n ti bu omi lásán sí i."

"Sẹnami, omi òkun ni. Èmi ni mo sè é."

"Àǹtí, ẹ tọ́ ọ wò."

Mo tọ́ ọ wò. Bí ọbẹ̀ aláìsàn! Orí mi fò lọ. Láti ẹ̀yìn, mo rí ọwọ́ kan tó dìde bí ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé. Gbádéyan ni. "Ẹ má bínú," ó ní, "mo rí i pé omi ti fẹ́ gbẹ tán nínú ìkòkò, mo bá bu omi kànga kún un kó má baà jóná." Ẹ̀rín sọ nínú ilé. Àwọn ìyá kan ń lu itan. Ọkọ mi! Ọkùnrin tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹyin yìí láti oṣù tó kọjá!

Sẹnami ò bá wọn rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ní, "Ẹ fún mi ní ojẹ̀." Ègùn ni, kò yé mi. Ìyá Zinsu jágbe, "Iyọ̀ ló ń bèèrè!" Jọkẹ́ tó ń dáná fún àwọn ọmọ sáré lọ gbé ọ̀rá iyọ̀ wá. Sẹnami bu ìkúnwọ́ kan, ó rò ó, ó ju ekùrọ́ sí i. "Kò tíì tó." Ìkúnwọ́ méjì. "Kò tíì tó." Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo òbí ló ń bá a wí i, "Kò tíì tó!" Ìkúnwọ́ kan sí i, ó rò ó pẹ́, ekùrọ́ sì gòkè wá.

"Ó tó," ni Sẹnami wí. Ó yíjú sí mi. "Ẹ lè gbé e sí i wàyí."

Mo gbé ẹyin sí i. Ó léfòó! Àwọn bàbá gan-an dìde dúró.

Màmá Jayéọlá dìde, ariwo rọlẹ̀. Wọ́n ní, "Adùnọlá, mo ń kà á. Gbólóhùn ọmọ yìí lé ní márùn-ún. Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan níbẹ̀." Òótọ́ ni, èmi náà ni mo fi Gẹ̀ẹ́sì sí i.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Sẹnami. "Wọ́n ti kọ́ ẹ ní ohun tí o máa sọ. Kí ló dé tí o ò sọ ọ́, kí o jẹ́ kí Àǹtí gbé ẹyin wọn sínú omi?"

Sẹnami wo ilẹ̀. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn, pé ilẹ̀kùn tún ti padé.

"Ẹyin á rì," ló wí. "Wọ́n á tún fi Àǹtí mi rẹ́rìn-ín."

Mi ò mọ ohun tí ojú mi ṣe níwájú àwọn èèyàn yẹn. Màmá yọ díńgí wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un nù. Wọ́n ní, "Ó gòkè." Wọ́n tún un wí, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

Ẹtì, 25 Júláì

Ọjọ́ ìwé èsì. Mo sin Sẹnami àti ìyá ẹ̀ àgbà dé èbúté, torí mi ò tíì fẹ́ kí wọ́n lọ. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu géètì, Ègùn sí wọn, Yorùbá sí mi, kò mí. Mo ń rò ó lójú ọ̀nà pé ní Sẹ̀tẹ́ńbà, kíláàsì kejì ni yóò máa wọ̀, kì í ṣe tèmi mọ́. Gbogbo ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ méje, ó wá ṣẹ tán, ó ń dùn mí. Èèyàn ò mọ ohun tó fẹ́.

Ọlọ́kọ̀ ń pè wọ́n. Ìyá Zinsu na ìwé èsì sí mi. "Tíṣà, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó gòkè fún mi. Ẹ kà á bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an, lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo fẹ́ gbọ́ ọ létí mi."

Mo la ẹnu. Sẹnami gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó sì kà á sókè fún ìyá ẹ̀ àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn ẹ̀ gba orí omi kọjá. Ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Èmi tí mo máa ń tún ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ṣe, mo pa ẹnu mi mọ́.